Tùràrí Ìyá Hilal

Kì í ṣe àìsàn ni Muzna ń bínú sí. Zuwayna, Ìyá Hilal, ìyálé rẹ̀, ló ń bínú sí, ìbínú náà sì ti di egbò nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èémí rẹ̀ ti ń há, tí àyà rẹ̀ ń súfèé. Zuwayna wá ń kiri gbogbo ìlú Nizwa, ó ń sọ pé ikọ́ ife ni, kí ẹnikẹ́ni má mu kọfí nílé Muzna. Síbẹ̀, ojú kì í ti obìnrin náà láti wá kí i. Á gbé ife tirẹ̀ sínú báàgì, á sì kó tùràrí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò dání, pé kí wọ́n fi lé òórùn àìsàn.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ Muzna wò.

"Ìyá, kì í ṣe ikọ́ ife. Ẹ̀dọ̀fóró yín ti ń ṣàìsàn tipẹ́, àmọ́ nǹkan kan ń koná mọ́ ọn. Àwọn ọmọ-ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ tí ara bá ń bá ohun tó kórìíra jà. Tiyín ti pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ ò dárúkọ nǹkan ọ̀hún o. Kí lẹ máa ń fà símú nílé?"

Muzna rántí bí àyà rẹ̀ ṣe máa ń há ní gbogbo ìgbà tí Zuwayna bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Tùràrí ni."

"Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ yín mọ́ o."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, dókítà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò pé jọ sílé rẹ̀. Zuwayna yọ ife rẹ̀ síta lójú gbogbo wọn. Ní Nizwa, a kì í lé àlejò. Tùràrí là ń gbé wá lẹ́yìn kọfí, àlejò á mọ̀ pé ó tó àsìkò láti lọ, á sì dìde fúnra rẹ̀. Muzna ò tíì bu kọfí fún ẹnì kankan tó fi gbé àwo tùràrí dé iwájú Zuwayna. Èéfín bò ó.

"Ìyá Nasra, ṣé orí ẹ pé báyìí? A ò tíì fẹnu kan dàbínù!"

"Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, Ìyá Hilal. Kò síkọ́ ife níbẹ̀. Tùràrí yín ló ń pa mí. Ẹ gbóòórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Èmi? Èmi ìyálé ẹ?"

"Ẹ̀yin gan-an."

Zuwayna dìde, ó lọ ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ́ ti gbé Muzna, omi ń dà lójú rẹ̀, àmọ́ ó dùn mọ́ ọn dé mùdùnmúdùn. Aládùúgbò rẹ̀ kan sáré di àwo náà mú.

"Gbé e sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Muzna ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀. Kò tíì wọ bàtà tán."