Ìlà Tí Ẹ̀rọ Kọ̀

Ẹ̀rọ ímeèlì náà tún kọ̀ fún ìgbà kẹta. Ó gba ẹ̀dà tuntun ètò tó ń darí rẹ̀ wọlé dé ìdajì, ó dúró gbagidi, ó ní òun ò lọ mọ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ímeèlì kan ò wọ ilé-iṣẹ́ fèrèsé náà, ọ̀kan ò sì jáde. Àwọn tó ń ta ọjà lókè ti sọ̀kalẹ̀ wá wo ojú Solvej lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé ife kọfí dání bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Eskild ló ni iṣẹ́ ímeèlì. Tẹlifóònù ni ti Solvej, pẹ̀lú ipò aṣojú òṣìṣẹ́ tí wọ́n dìbò yàn án sí. Ṣùgbọ́n Eskild ti gba ìsinmi, ó wà nílé tó kọ́ sétí òkun, ó ń kun ilẹ̀kùn. Solvej pè é.

“Má yọ ara ẹ lẹ́nu,” ni Eskild wí. “Dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, kó o fi í sílẹ̀ títí di Mọ́ńdè.”

“Kò gbà mọ́, ìdajì tuntun ti wọlé. Ó ní nǹkan kan wà nínú fáìlì àṣẹ ẹ tí òun ò mọ̀. Ìlà igba lé mẹ́rìnlá.”

Solvej gbọ́ tí Eskild ju búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sílẹ̀.

“Solvej, jọ̀ọ́, má ṣí fáìlì yẹn. Jẹ́ kí n wakọ̀ bọ̀. Wákàtí méjì péré.”

“Wákàtí méjì kẹ̀? Kí ọ̀gá àgbà wá fi mí ṣe fèrèsé?”

Ó ti ṣí i kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí àwọn méjèèjì ti ṣàdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìlà kan sínú fáìlì láìkọ orúkọ, ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sókè ibẹ̀. Eskild gan-an ló kọ́ Solvej bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lókè ìlà náà rèé: “Eskild, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Ọ̀gá àgbà Ravnkilde ló ní kí n ṣe é. Gbogbo lẹ́tà tó bá ń lọ sọ́dọ̀ Solvej, kí ẹ̀dà kan máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.” Ọ̀nà àtijọ́ ló fi kọ àṣẹ náà, ẹ̀dà tuntun ò sì gbà á mọ́. Ohun tó dá iṣẹ́ dúró kò ju ìyẹn lọ.

Jytte ló kọ́kọ́ wá sí Solvej lọ́kàn, obìnrin tó ń gé gíláàsì, tí eruku ibẹ̀ ń jẹ́ kó máa wúkọ́. Ní oṣù kẹrin, ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí Solvej lórí ímeèlì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ní kò síṣẹ́ fún un mọ́. Solvej ti ń wádìí ẹni tó tú àṣírí náà láti ìgbà yẹn, ó tiẹ̀ fọ̀rọ̀ lọ Eskild. Háà, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

“O fọwọ́ sí i,” ni ó wí sínú fóònù.

“Ṣebí àdéhùn wa ni.”

“Eskild, ìwọ lo gbé ọmọ mi dání lọ́jọ́ ìrìbọmi ẹ̀.”

“Ravnkilde ní tí mi ò bá ṣe é, òun á wá ẹni tó máa ṣe é. Ọdún mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Kó o sọ fún mi. Ìwọ̀nba ẹ̀ náà nìyẹn. Kó o rọra sọ pé, Solvej, má gba lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ níbí mọ́.”

“Yọ ìlà yẹn kúrò,” ni Eskild wí níkẹyìn. “Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Solvej pa fóònù. Ó tẹ ojú ìwé náà jáde, ó ká a sápò, kó tó wá yọ ìlà náà. Ẹ̀rọ gba ẹ̀dà tuntun láìjiyàn, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, àwọn tó ń ta ọjà lókè sì pàtẹ́wọ́. Kò dá wọn lóhùn. Ó wọ kóòtù, ó jáde síbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ó sì pe nọ́ńbà kan.

“Jytte, Solvej ni. Lọ́jọ́ tó o fẹ́ fẹnu sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn fún mi, èmi ni mo ní kó o kọ ọ́ sílẹ̀, pé èmi nìkan ni màá rí i.” Ó mí kanlẹ̀. “Èmi nìkan kọ́ ni mo rí i.”