Ohùn Tí Dùùrù Kò Ní

Bọ́lárìnwá tún dùùrù tẹ̀. Julianah, ìyá rẹ̀, tún ohùn náà gbé, ó sì tún rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti dùùrù lọ.

"Màmi, ẹ gbé e sókè díẹ̀."

"Ibi tó wà náà nìyí. Sọ fún dùùrù rẹ kó sọ̀ kalẹ̀."

Bọ́lárìnwá kò rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Iléṣà. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti sọ fún un, nítorí òun ni ọ̀gá akọrin: bí ìyá rẹ̀ kò bá lè bá dùùrù tuntun mu títí di ọjọ́ Àìkú, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe etí náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Wọ́n ní kí o yọ mí, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. Ọmọ kì í gbé ìyá rẹ̀ lọ wo etí láàárọ̀, kó má sì lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lásán."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Màmi, ta ló kọ́ yín ní ibi tí ẹ ń gbé ohùn yẹn sí?"

"Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Bàbá rẹ a máa gbé ohùn ìsàlẹ̀, èmi a sì wá ibi tí ó ti gbà mí."

Ọdún tó kọjá ni wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ Bọ́lárìnwá nípa àlàfo kan láàrin ohùn méjì: bí ti ìsàlẹ̀ bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ti òkè a gbọ̀n lẹ́ẹ̀méje. Kò sí ibi tí a lè tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù: ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ohùn tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó sì yege.

Ó pa dùùrù dé. "Ẹ tún un gbé, Màmi." Òun fúnra rẹ̀ gbé ohùn bàbá rẹ̀.

Ohùn méjèèjì kọ́kọ́ ń ta ko ara wọn. Lẹ́yìn náà ìtakora náà dáwọ́ dúró, wọ́n sì di ọ̀kan. Julianah dijú.

Èémí Bọ́lárìnwá tán. Ohùn ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, ó sì tún dún bí èyí tó rẹlẹ̀ jù. Ìgbà náà ló yé e pé láti ọdún tó kọjá, ìdajì orin ni òun ń bá wí, ìdajì kejì sì ti bá bàbá òun lọ.

"Lọ́jọ́ Àìkú," ni Bọ́lárìnwá wí, "a kò ní tẹ dùùrù sí orin yìí."

Ó dìde, ó lọ dúró tì í. Ìyá rẹ̀ sún díẹ̀ fún un.