Omi Àpótí Ẹja

“Ha ewé omi yẹn kúrò lára gíláàsì kíá! Àwọn ará ìjọba ti wà lọ́nà. Àbí o fẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀bùn ni wá?”

Máníjà ilé iṣẹ́ aláró kò rí ohun tó burú nínú kó máa fi “ìwọ” pe obìnrin tó lè bí i lọ́mọ. Iṣẹ́ obìnrin náà ni kó máa gbálẹ̀ yàrá àlejò, kó sì máa tọ́jú ẹja inú àpótí gíláàsì tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Ìyá Ẹja. Wọ́n lẹ ìwé gàdàgbà kan mọ́ àpótí náà: OMI TÓ Ń TI ILÉ IṢẸ́ WA ṢÀN LỌ SÓDÒ NÌYÍ. Irọ́ gbuu! Omi kànga ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pọn ọ́n.

Ó mú kànìnkànìn, ṣùgbọ́n kò ha nǹkan kan. Ó ń wo ewé tútù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀ lọ́wọ́ yìí. Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ wà ní kékeré, irú rẹ̀ ló bo gbogbo òkúta odò tó wà nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́. Ìgbín omi ń jẹ ẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́, ẹja ńlá ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́, bàbá wọn sì ń pa ẹja ńlá. Ní báyìí, òkúta odò ti funfun báláú. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ pa ewé, ebi sì pa ìyókù. Àbúrò rẹ̀ tó jogún iṣẹ́ ẹja pípa kì í gbé nǹkan kan bọ̀ nílé mọ́ ju àwọ̀n tó ń rùn lọ.

Inú bí Ìyá Ẹja gidigidi. Bí Máníjà ṣe lọ dúró de àlejò lẹ́nu géètì, ó kó àwọn ẹja sínú ike, ó da omi kànga nù, ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́nu páìpù tó ń da omi aró sódò lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Omi páìpù yẹn ló fi kún àpótí kó tó dá ẹja padà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ló ṣe.

Nígbà tí olùyẹ̀wò ìjọba fi máa jókòó, àwọn ẹja ti ń yánu lójú omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dojú ikùn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí ló pa wọ́n?” olùyẹ̀wò béèrè.

“Ẹ ka ìwé tó wà lára àpótí yẹn, ọ̀gá,” ni Ìyá Ẹja dá a lóhùn.

Ó kà á. Ó wo Máníjà, Máníjà náà wò ó. Ni olùyẹ̀wò bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ọṣẹ ni obìnrin yìí fi fọ àpótí yín! Ẹ wá ẹni tó mọ ẹja tọ́jú, jàre.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àbúrò rẹ̀ wá sílé rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ tuntun ló wọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ aláró wà láyà rẹ̀ gbàgàdà. Kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ ẹja. Kò sí ẹja lódò mọ́, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun.”

Ìyá Ẹja fẹ́ ṣépè, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ fún. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀.

“Wọ́n ti ra ẹja mìíràn,” àbúrò rẹ̀ tún sọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi, kànga wo lẹ ti máa ń pọn omi yẹn?”