Òsì, Bàbá!

Eré tí ẹni méjì ń gbá tí wọn ò kọjú síra wọn, irú eré wo nìyẹn? Ohun tí Godwin ń bi ara rẹ̀ nìyí láti Sátidé àkọ́kọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́ eléré sikúọ́ọ̀ṣì ní Molutehin. Ẹni méjèèjì á wà nínú yàrá kan náà, wọ́n á kọjú sí ògiri kan náà, wọ́n á máa na bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan mọ́ ọn bí ẹni pé ògiri náà ló bú ìyá wọn.

Kì í ṣe pé eré náà wù ú. Àràmídé ló wù ú. Ọ̀gá Kọ́lájọ, bàbá Àràmídé, tó ti Ìlá wá ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwé girama níbẹ̀, ló là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ará ilé Godwin ò gbọdọ̀ tíì wá tọrọ ọmọ òun.

"O ní awakọ̀ ojú omi ni ọ́," ni bàbá wí. "Kọ́kọ́ máa wá bá mi gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ibẹ̀ ni n ó ti mọ irú ẹni tó o jẹ́."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Godwin ra bàtà kánfáàsì, ó wá rákẹ́ẹ̀tì àlòkù kan, ó sì wọ ẹgbẹ́.

Ìyá rẹ̀ ní Abereke ti kìlọ̀ fún un. "Ọma mi, ẹni tó o fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, o ò gbọdọ̀ nà án o, ì báà ṣe nínú eré." Godwin gbọ́ràn. Bó ṣe máa ń dẹ ẹ́ńjìnnì tó bá pàdé àgbàlagbà nínú ọkọ̀ alájẹ̀, kí ìgbì má baà dojú ọkọ̀ onítọ̀hún dé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dẹwọ́ fún Ọ̀gá Kọ́lájọ. Bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Ẹ gbà á, bàbá." Sátidé mẹ́ta gbáko ni bàbá fi borí. Dípò kí inú rẹ̀ dùn, ńṣe ni ojú rẹ̀ ń le sí i.

"Ṣé arúgbó ni mo dà lójú rẹ ni?" ló fi jágbe mọ́ ọn ní Sátidé kẹta.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé kẹrin, Godwin ṣí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pátápátá. Bàbá ò jẹ ayò kan ṣoṣo. Ìyẹn náà tún di ìjà: Godwin dọ̀bálẹ̀ kí i, bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Orí Godwin dàrú. Ó fìdí rẹmi, wọ́n bínú. Ó borí, wọ́n bínú. Ó bi Àràmídé léèrè. Àràmídé ní òun gan-an ò mọ ohun tó ń ṣe bàbá òun láti èṣí. Á máa kanra ṣáá. Á máa da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, ẹni tó bá sì sọ ọ́, wọ́n á jọ fà á ni. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ẹ̀rù ba Godwin pé ọmọbìnrin náà ti ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Nígbà tó di Sátidé karùn-ún, kò mọ èwo ni ṣíṣe mọ́. Ó kàn ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń wo bàbá. Ibẹ̀ ló ti rí i. Bọ́ọ̀lù tó bá gba ọ̀tún, bàbá á gbá a bí ọ̀dọ́. Èyí tó bá gba òsì, ó dìgbà tó bá ta nílẹ̀ tó dún kí bàbá tó ju rákẹ́ẹ̀tì sí i, á sì ti kọjá. Godwin rọra gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì bàbá. Bàbá ò mira.

A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ta ni yóò wá dúró níwájú ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ní ojú òun kan ò ríran?

Ibi tó ti ń rò ó ni bọ́ọ̀lù ti fò kúrò lára ògiri, ó ń bọ̀ tààrà sí ẹ̀bátí bàbá. Godwin ò rántí ìka mẹ́sàn-án mọ́. Ọdún méje ló fi jókòó síwájú ọkọ̀ kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnnì lé e lọ́wọ́, tó ń pariwo igi tó léfòó àti okùn àwọ̀n fún awakọ̀. Ohùn yẹn ló jáde.

"Òsì! Òsì, bàbá!"

Bàbá yí sósì, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè, bọ́ọ̀lù bà á, ó padà sára ògiri. Ẹnikẹ́ni ò gbá a mọ́. Ó ń ta pọ́ún pọ́ún títí ó fi dákẹ́.

"Ta lo ti sọ fún?" Ohùn bàbá ti wálẹ̀.

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan, sà."

"Àràmídé ńkọ́?"

"Òun náà ò gbọ́."

Bàbá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí òun ti ń fi í pamọ́, nítorí ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. "Nígbà tó o ń yà fún mi, mo rò pé o ti rí i, pé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó o wá nà mí, ojú tì mí."

Godwin kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Mọ́ńdè, sà."

Bàbá dìde. Wọ́n jáde sórí afárá onípákó tó lọ sí èbúté, èyí tí igi ìdìmú rẹ̀ ti wó lápá òsì. Godwin dúró sẹ́yìn kí àgbà lè ṣáájú, bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá náà dúró. Ó na ọwọ́ òsì, ó ń fi í wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan èjìká Godwin.

"Òsì ni kó o máa bá mi gbà, ọmọ mi," ló wí. "Kó o sì sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀."