Táyà tí Ìyá Olóbì Rà

“Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Mùsáfírù! Fi gbogbo ara rẹ tẹ̀ ẹ́!”

“Gbogbo ara mi náà kọ́ nìyí, ọ̀gá? Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ ju báyìí lọ, ìsàlẹ̀ mọ́tò yín ló máa jábọ́.”

Mùsáfírù, tí ó ń lẹ táyà nítòsí ibùdó rélùwéè ní Ifọ̀, sọ̀ kalẹ̀ láti inú bùùtù, ó ń mí gùlegùle. Bí ó ti gbẹ́sẹ̀ kúrò ni táyà náà tún ta padà sókè. Afọlábí wò ó bí ẹni pé kí ó gbá a létí.

Lábẹ́ pákó ilẹ̀ bùùtù mọ́tò kékeré náà, àyè kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún sípíà. Táyà yìí kò gba ibẹ̀. Wọ́n ti gbé e dùbúlẹ̀, kò wọlé. Wọ́n gbé e dúró, ìdérí bùùtù kò padé. Wọ́n yọ pákó náà kúrò pátápátá, wọ́n tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú táyà náà dànù. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin àárín rẹ̀ kò rọ̀. Oríkèé ìka Afọlábí ti bó lára irin bùùtù, ẹ̀jẹ̀ sì ti kán sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Ṣé ó ti wọlé?” ni ìyá rẹ̀ béèrè láti orí àpótí tí ó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó kù díẹ̀, Ìyá mi.”

“Ó kù díẹ̀ lẹ ti ń wí láti ìgbà tí mo ti ń fọ ẹnu.”

Aago méje ààbọ̀ ti kọjá. Ní aago mẹ́wàá, Wúràọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Afọlábí, gbọ́dọ̀ wà ní Abẹ́òkúta fún intafíù ilé ìwé gírámà àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí agogo bá lù, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá ọmọ náà, tí ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ni yóò pàdé wọn níbẹ̀. Wúràọlá ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ láti ìdájí. Ó dúró ti ògiri, kò fara ti í, kí aṣọ náà má baà dọ̀tí.

Bàbá rẹ̀, Bádéjọ, ló ni mọ́tò náà. Nínú òjò ọdún tó kọjá, táyà kan bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, lẹ́yìn Ìtòrí. Ó ṣí bùùtù, ó bá sípíà tí afẹ́fẹ́ ti jò tán nínú rẹ̀. Ó dúró sínú òjò títí ilẹ̀ fi mọ́, kò rí ẹnì kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, òtútù àyà pa á. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wọn ti wí pé mọ́tò náà kò gbọ́dọ̀ kọjá Pápáláńtò mọ́, àfi bí odidi táyà tó le bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Afọlábí kò bá a jiyàn. Ó ń fi mọ́tò náà gbé èrò káàkiri Ifọ̀, ó sì ń padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí lẹ́tà Wúràọlá dé, ìyá náà dìde fúnra rẹ̀ lọ ra táyà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù irin. Kò pe ọmọ rẹ̀, kò pe Mùsáfírù. Obì ni ó ti ń tà láti ìgbà èwe rẹ̀, Ìyá Olóbì ni gbogbo Ifọ̀ ń pè é, kò sì tíì sí ẹni tó ta ọjà burúkú fún un rí. Bí ó ti ń yan obì náà ló ṣe yan táyà. Ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ bóyá ó le. Ó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó sán. Ó gbé e wò bóyá ó wúwo. Èyí tó tóbi jù tó sì wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ló mú, ó sì ní kí alábàárù rù ú tẹ̀ lé òun wálé.

“Ìyá wa,” ni Mùsáfírù wí, ó ń nu ojú, “mọ́tò yìí lẹ ra táyà fún ni, àbí rélùwéè?”

“Mùsáfírù, ìyá rẹ ni ẹgbẹ́ mi o. Èyí tó rọ̀ ló ṣekú pa ọmọ mi. Èyí tó le tó sì tóbi ni mo rà. Bí o bá mọ iṣẹ́ rẹ, fi í síbẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Ìyá wa.”

“Mi ò bínú. Fi í síbẹ̀.”

Afọlábí fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ńpà. “Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí àga ẹ̀yìn. Wúràọlá, wá ìwé ìròyìn àtijọ́ tẹ́ síbẹ̀. Wàá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan.”

Wọ́n yí táyà náà wá sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Bí wọ́n ti fẹ́ gbé e wọlé, Mùsáfírù tẹjú mọ́ irin àárín rẹ̀, ó tún wo ẹsẹ̀ mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

“Súbúhánà! Ọ̀gá, ẹ wo ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀. Márùn-ún ni. Ti mọ́tò yín, mẹ́rin.”

Afọlábí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti aago mẹ́fà ni wọ́n ti ń bá a jà, kò sí ẹni tó ka ihò.

“Rọra sọ̀rọ̀,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Gbé e wọlé bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló fẹ́ bá yín ṣe lójú ọ̀nà? Kò lè wọ̀ ọ́ láéláé!”

“Mo mọ̀. Ìyá mi ni mo ń gbé e fún. Gbé e wọlé.”

Ṣùgbọ́n Wúràọlá ti gbọ́. Ó wo àbúrò bàbá rẹ̀, ó wo ìyá àgbà, ó di ìwé ìròyìn náà mú ṣinṣin.

“Ìyá àgbà,” ni ó wí, “táyà yìí kò lè wọ mọ́tò wa.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè?” Afọlábí pariwo mọ́ ọn.

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Ìyá àgbà á máa rò pé a ní sípíà, a ò sì ní in.”

Ìyá Olóbì dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà náà, ó fi ìka sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á. Ó lọ sídìí ẹsẹ̀ mọ́tò, ó tún kà.

“Mo mà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa,” ni ó wí níkẹyìn.

“Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, Ìyá mi.”

Ó wọ ilé lọ. Afọlábí jókòó sórí táyà náà, ó di orí mú. Ó ti parí nìyẹn. Àyè ọmọ náà ti di ti ẹlòmíràn. Wúràọlá ń ká ìwé ìròyìn náà, ó ká a títí tí kò fi ṣeé ká mọ́.

Nígbà tí ìyá náà jáde, ó ti wé gèlè. Agbòjò wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ òtútù méjì sì wà ní èjìká rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò tí kò tíì wọ̀ láti ìgbà tí Bádéjọ ti kú.

“Wúràọlá, wọlé, kí o sún síwájú.”

“Ìyá mi, níbo lẹ ń lọ?” ni Afọlábí béèrè.

“Ibi tí ẹ̀ ń lọ náà ni.”

“Láìsí sípíà?”

Ìyá rẹ̀ wọlé jókòó, ó tún aṣọ òtútù náà ṣe lórí itan rẹ̀.

“Kì í ṣe táyà ló ń dùn mí lọ́kàn, Afọlábí. Pé Bádéjọ dá wà níbẹ̀ ni. Bí táyà bá tún bẹ́ lónìí, a ó jọ wà níbẹ̀.”

“Táyà yìí ńkọ́, Ìyá wa?” ni Mùsáfírù béèrè.

“Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ẹni tó ní ihò márùn-ún yóò wá a wá.”

Afọlábí wọ mọ́tò. Ó tan án lẹ́ẹ̀kan, kò ṣiṣẹ́. Ó tan án lẹ́ẹ̀kejì, ó jí. Nínú dígí, ó rí ìyá rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, tí ó fi èkejì di ọwọ́ Wúràọlá mú.

“Má sáré o,” ni ó wí.

Wọ́n bọ́ sójú títì. Ìyá náà yọjú lójú fèrèsé, ó wo ibi tí oòrùn ti gòkè dé.

“Afọlábí.”

“Ìyá mi.”

“Sáré díẹ̀.”