Ọkọ̀ Eléèédú Tó Lọ sí Olókèméjì

Sàúdátù parí opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ní ọdún 1986. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọ rẹ̀, Fàtímọ̀, mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì wá bá a. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùweè fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan jáde, èyí tí ń jẹ èédú, tí wọ́n ti pa tì láti bí ogún ọdún. Yóò gbé èrò láti Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta dé Olókèméjì, yóò sì gbé wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Gbàdàmọ́sí, ọkọ Sàúdátù, ló ti kọ̀wé béèrè fún tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí kó tó kú, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ìyàwó rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń da èédú sínú iná irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú irin kò dé Ìjẹ̀bú-Òde tí ilé wọn wà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wálé nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ kò fojú kan ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Sàúdátù kò fẹ́ lọ, kò sì kọ̀. Kíkọ̀ yóò mú àlàyé wá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dáhùn. Kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú jáde nílé, bàtà ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e ló ń wò, nítorí okùn rẹ̀ tú, ó sì ń rò ó pé ọkùnrin náà lè ṣubú.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtù, wọ́n gba Ṣàgámù. Nígbà tí wọ́n dé Láfẹ́nwá, ẹ́ńjìnnì náà ti wà níbẹ̀, dúdú, ó ń rú èéfín, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ di etí. Bàbá arúgbó kan tó wọ kákí sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀. Albert lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ayépé tó fẹ̀yìntì sí Abẹ́òkúta. Òun ni dírẹ́bà tí Gbàdàmọ́sí bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Ó wo orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì, inú rẹ̀ dùn, ó wá ń wo ẹ̀yìn wọn bí ẹni tó ń retí ẹnìkan sí i.

"Gbàdà ńkọ́?"

Fàtímọ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sàúdátù ló dáhùn.

"Ó ti kú, Bàbá. Ó ti wọ oṣù karùn-ún."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye aago tó lù. Albert jókòó sórí bẹ́ńṣì téṣàn, ó fi aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Sàúdátù jókòó tì í, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kó ṣe sùúrù, pé Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà á. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohùn náà dára, ṣùgbọ́n kò kan nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, eérú ń gba ojú fèrèsé wọlé sára wọn, igbó ń kọjá. Fàtímọ̀ kò wo igbó. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Ní Olókèméjì, nígbà tí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun, Albert ní kí Sàúdátù wá gun ẹ́ńjìnnì. Ó fi ibi tí Gbàdàmọ́sí máa ń dúró hàn án. Ó sọ pé ní ọdún kan tí ọkọ̀ bàjẹ́ sínú igbó, ọjọ́ méjì gbáko ni Gbàdàmọ́sí fi ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, àní títí kan bó ṣe ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà bí ẹni ń bá ènìyàn jà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn iná, ó sì fún un ní ṣọ́bìrì.

Ooru kọ lù ú lójú. Ó da ṣọ́bìrì èédú kan sí i, ó da òmíràn, ó tún da òmíràn, kò dúró títí Albert fi rọra gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Bí ọkọ̀ ti ń padà bọ̀, Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ìyá mi, mo rò pé bí ẹ bá rí ibẹ̀, ẹ máa lè sunkún."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo dúró dè é, kò wá. Ṣé kí n wá máa díbọ́n fún ọ ni?"

Fàtímọ̀ ní rárá. Ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ léjìká, ó sì sùn bẹ́ẹ̀ dé Láfẹ́nwá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Albert wọkọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní òun fẹ́ rí sàréè náà. Sàúdátù mú un lọ. Òun alára kò tíì débẹ̀ rí, wọ́n kàn júwe ibẹ̀ fún un ni. Albert ṣí fìlà, ó gbàdúrà onígbàgbọ́. Sàúdátù ka Fátíà, ó tu koríko tó hù síbẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí wọ́n délé, ó rin ewùrà, ó se ìkókorẹ́ fún àlejò. Albert rọra ń jẹ tirẹ̀, ó ń sọ bí Gbàdàmọ́sí ṣe máa ń hanrun tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò fi lè bò ó mọ́lẹ̀. Sàúdátù jẹ abọ́ kan tán, ó bu òmíràn, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá fa ìkòkò sọ́dọ̀, ó ń ha ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ebi ń pa òun tó bẹ́ẹ̀.

Albert dákẹ́, ó ń wò ó.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Bàbá," ni Sàúdátù wí. "Mò ń gbọ́."