Gbòǹgbò Inú Kànga Anselmo

Láti ọjọ́ tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó ilé Delfina lórí òkè Kalifóníà, ọ̀dọ̀ Marisela ọmọ rẹ̀ ló ń gbé nílùú etí òkun. Ibẹ̀ tura, ṣùgbọ́n ara ìyá náà kò gbà á. Bó bá ti jí láàárọ̀, òkè ni ojú rẹ̀ ń wá. Anselmo ọkọ rẹ̀, tó ti kú kí iná tó jà, ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Marisela fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ orí òkè náà.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nígbà ìkẹyìn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé eérú ló kù, ọkàn yín á balẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọkàn mi ò balẹ̀?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá àwòrán Bàbá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́!"

Òkè ti dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ìyá kò tilẹ̀ wo ibi tí ilé wà. Ẹ̀bá kànga tí Anselmo fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ló lọ tààrà.

"Oyún ẹ wà nínú mi nígbà tí bàbá ẹ ń gbẹ́ ẹ. Ó ké látìsàlẹ̀ pé, 'Fina, sọ̀ kalẹ̀ wá wo nǹkan!' Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé? Aboyún wo ló ń wọ kànga? Mo kúkú fi àkàbà wọ̀ ọ́."

"Màámi! Èmi ńkọ́ nínú yín?"

"Ìwọ náà wọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ mi lé gbòǹgbò igi chamiso kan, igi kúkurú tó kún orí òkè yìí, tó fún ara ẹ̀ gba inú àpáta. Lókè, ilẹ̀ ti gbẹ, ó ń lanu. Nísàlẹ̀ yẹn, gbòǹgbò tutù bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ó ṣì ń lọ. A ò rí òpin ẹ̀."

Marisela bẹ̀rẹ̀ nídìí kùkùté chamiso kan tí iná ti jó, ó gbá eérú kúrò. Láti ara kókó ńlá tó wà nídìí igi náà, ewé wẹ́wẹ́ ti ń rú jáde, bẹ́ẹ̀ òjò kankan kò tíì rọ̀ látìgbà iná.

"Bàbá ò sọ èyí fún mi rí."

"Ìwọ náà ò bi í."

Omijé bọ́ lójú Marisela. Kò sẹ́ni tó dárúkọ títà mọ́ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Marisela fi ọkọ̀ fa ilé kékeré onítáyà lọ sórí òkè náà fún ìyá rẹ̀. Ibùsùn inú rẹ̀ tóóró, agbára káká ló fi gba ẹnì kan. Síbẹ̀ etí ibùsùn náà ni Delfina ń sùn sí, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní í wá.